Sinimá Ayé Lẹ́yìn Bọ́ǹbù, àti Àwa Ará Ajégúnlẹ̀

Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú yín má mọ̀ pé ìgbà kan wà tí a ti èbúté Àpápá mọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi Faransé nítorí bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 1961 ni, nígbà tí òmìnira orílẹ̀-èdè wa kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Àwọn Faransé ti yin bọ́ǹbù wọn àkọ́kọ́ ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ní ilẹ̀ Algeria, ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960. Agbára rẹ̀ sì ju ìlọ́po mẹ́rin ti èyí tí ó pa ìlú Hiroshima run ní ọdún 1945 lọ. Nígbà tí wọ́n yin ẹ̀kẹta ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún kan náà, ìjọba Alhaji Abubakar Tafawa Balewa fún aṣojú Faransé ní wákàtí 48 kí ó fi kúrò ní Èkó, ó sì pàṣẹ pé kí ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ òfuurufú Faransé kankan má ṣe gúnlẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wa mọ́. Kò pẹ́ tí a fi dẹ àṣẹ náà, nítorí àwọn aládùúgbò wa ní Dahomey, Niger àti Chad, tí ẹrù wọn ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ṣùgbọ́n a ti sọ ohun tí ó wà ní ọkàn wa.

Ẹni tí ó bá mọ ọyẹ́ yóò mọ ohun tí ó ba àwọn baba wa lẹ́rù. Láti Sàhárà ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń gbé eruku rẹ̀ wá, tí a ń nù ún kúrò lórí àga àti tábìlì wa ní òwúrọ̀. Baba mi, tí í ṣe akọ̀wé ní èbúté Àpápá ní àkókò náà, a máa sọ fún wa pé ní ọdún náà ìyá òun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá aṣọ tàbí èlùbọ́ síta ní gbogbo ìgbà ọyẹ́. Ìyá náà kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá.

Mo fi èyí ṣáájú ọ̀rọ̀ mi nítorí àwọn kan nínú ìjọ wa tí wọ́n ń wí pé ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù átọ́míìkì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa, pé ìtàn òyìnbó ni. (Láti Shinkolobwe ní ilẹ̀ Kóńgò ni a ti wa èyí tí ó pọ̀ jù nínú yuréníọ̀mù tí a fi ṣe bọ́ǹbù Hiroshima, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èyí kún un.) Àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ajégúnlẹ̀ ni ó fa àríyànjiyàn náà. Wọ́n ń ṣe sinimá kan lórí bí Èkó yóò ti rí lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bá ti bọ́ lé àwọn àgbá epo ńlá Àpápá. Fóònù méjì ni wọ́n fi ń yà á, gbogbo owó tí wọ́n sì dá jọ kò tó ra àpò ìrẹsì kan. Wọ́n ti rí àwọn ọmọ Ìkòròdú tí wọ́n ń fi ohun èlò inú ilé ṣe àfarawé sinimá Amẹ́ríkà, tí òkìkí wọn kàn dé òkè òkun ní ọdún 2020. Wọ́n sì ti gbọ́ nípa àwọn ọmọ Kàdúná tí a ń pè ní Critics Company, tí wọ́n fi fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá tọrọ gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ni ọ̀ràn náà fi di ti ìgbìmọ̀ àwọn àgbà. Ẹnìkan ní eré èṣù ni. Ẹlòmíràn ní àwọn ọmọ náà ń fi ẹnu ara wọn pe ibi wá sí ìlú. Níwọ̀n bí a ti mọ̀ mí sí ẹni tí ó fẹ́ràn sinimá ju bí ó ti yẹ àgbà ìjọ lọ, èmi ni wọ́n ní kí n ka ìtàn náà, kí n sì mú èsì wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí irú sinimá yìí fi jẹ́ ti tálákà. Sinimá ogun ń béèrè ọmọ ogun àti ẹṣin; sinimá ọba ń béèrè ààfin. Ṣùgbọ́n ayé tí ó ti run kò béèrè ju ilé òfìfo kan, ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò gbà, àti ènìyàn mélòó kan tí ojú wọn rẹ̀. Ní ọdún 1951, Arch Oboler ṣe èyí tí ó ń jẹ́ Five ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ tí ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó kù lẹ́yìn bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ilé tirẹ̀ gan-an, lórí òkè ní California, ni ó fi ṣe ojú agbo. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ sinimá tán ni ó sì fi ṣe òṣìṣẹ́. Ènìyàn márùn-ún ni ìtàn náà dá lé. Ọ̀kan nínú wọn, Charles, jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ó sì ń roko kí àwọn yòókù lè jẹun. Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀: gbogbo ayé ti kú tán, àwọn tí ó kù kò ju ìka ọwọ́ kan lọ, síbẹ̀ ọ̀kan nínú wọn kò lè fara dà á pé kí òun àti aláwọ̀ dúdú máa gbé abẹ́ òrùlé kan; nígbẹ̀yìn, òun náà ni ó gún un pa.

Ìbọn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn nínú púpọ̀ wọn. Nínú Day the World Ended, tí Roger Corman ṣe ní ọdún 1955, ọkùnrin kan ti kó oúnjẹ pamọ́ sí ilé rẹ̀ nínú àfonífojì, ó sì ṣírò rẹ̀ fún ẹni mẹ́ta péré. Nígbà tí àwọn àlejò dé, ó fẹ́ lé wọn padà sínú ikú. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó bẹ̀ ẹ́. Iwin oníwo tí ó yọ lẹ́yìn náà, tí ojú kò lè ṣàì mọ̀ pé rọ́bà ni, ni àwọn ọmọ wa fẹ́ràn jù. Ní tèmi, ìṣirò ẹni mẹ́ta yẹn ni ó bà mí lẹ́rù. Bẹ́ẹ̀ náà ni Panic in Year Zero! ti ọdún 1962, tí Ray Milland darí, tí òun náà sì ṣe baba ìdílé tí ó ń sá kúrò ní Los Angeles. Kò pẹ́ tí baba yìí fi fi ipá gba ìbọn lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù, ó sì kó aya àti ọmọ lọ sínú ihò àpáta. Irú baba bẹ́ẹ̀ wu ojú lórí aṣọ sinimá. Ṣùgbọ́n ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Úrhobo, Ígbò, Haúsá àti Yorùbá jọ ń lo balùwẹ̀ kan, ihò àpáta wo ni a ó kó ọmọ wa lọ, ta ni a ó sì na ìbọn sí?

Kì í ṣe pé à ń fi ọkàn rò ó lásán. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ilé ìkó ohun ìjà àwọn ológun ní Ìkẹjà gbiná, bọ́ǹbù sì ń dún títí di òru. Ní Ajégúnlẹ̀ níhìn-ín, tí ó jìnnà sí Ìkẹjà, fèrèsé wa ń gbọ̀n. Ẹlòmíràn ní ogun dé, ẹlòmíràn ní Olúwa ni ó ń bọ̀, àwọn ènìyàn sì ń sáré láì mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ìyá arúgbó kan wà ní ojúlé wa, Ìlàjẹ ni, ẹja yíyan ni ó ń tà. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó lé e, ó ní ẹnikẹ́ni kì yóò jáde títí òun yóò fi ka gbogbo ọmọ inú ilé. Ó kà wọ́n, ọmọ tirẹ̀ àti ọmọ ẹlòmíràn: mọ́kàndínlógún. Nígbàkúùgbà tí ìró bá tún dún, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Ilẹ̀ mọ́ bá wa, àwọn ọmọ sì pé.

Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí wọ́n sá gba ìhà Òkè-Afà lọ. Òkùnkùn ti ṣú. Ewéko ti bo ojú kànáàlì ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí pápá oko. Àwọn tí ó wà níwájú rì sínú rẹ̀, àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò mọ̀, wọ́n ń tì wọ́n. Àwọn tí ó kú nínú ìjàǹbá náà lé ní 1,000. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún nínú wọn, obìnrin àti ọmọdé púpọ̀, ni iná kò jó, tí bọ́ǹbù kò sì kàn. Omi ni ó pa wọ́n. N kò tíì rí sinimá kan tí ó fi irú ikú bẹ́ẹ̀ hàn, èyí tí ó jẹ́ pé ìsáré gan-an ni ó fà á.

Àwọn méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó súnmọ́ ọn jù. Peter Watkins ṣe The War Game fún BBC ní ọdún 1965. Àwọn ará Kent, tí kì í ṣe òṣèré, ni ó fi ṣe é. Ó ba àwọn tí ó ni iṣẹ́ lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n títí di ọdún 1985, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gba ẹ̀bùn Oscar ní ọdún 1967. Èkejì ni Threads, ti ọdún 1984, tí Barry Hines kọ, tí Mick Jackson sì darí, lórí ìlú Sheffield. Kò sí akọni kan nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan, Ruth, lóyún kí ogun tó dé. Ó bí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ogun, ó sì kú níṣojú ọmọ náà nígbà tí ó ṣe. Ohun tí ó wọ̀ mí ní akínyẹmí ara ni èdè àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn bọ́ǹbù. Wọn kò lè sọ gbólóhùn kan já gaara. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ti gé kélekèle, nítorí pé àwọn tí ìbá kọ́ wọn ti kú, àwọn tí ó kù sì ń wá ohun tí wọn yóò jẹ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ẹ̀yin ìyá tí ń ka ojú ewé yìí, ẹ rò ó wò: ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò mọ ìkíni àárọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò pàlọ́ fún rí, tí kò mọ oríkì ara rẹ̀. Mo ti rí ilé tí a wó nínú sinimá púpọ̀, kò sì dí mi lọ́wọ́ oúnjẹ alẹ́. Ní ọjọ́ tí mo wo èyí, n kò lè jẹun.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, omi ni àwọn tiwa ń sọ, kì í ṣe ìbọn. Wanuri Kahiu, ọmọbìnrin ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ṣe Pumzi ní ọdún 2009, èyí tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ. Ọdún 35 ti kọjá lẹ́yìn ogun àgbáyé kẹta, tí a jà nítorí omi. Àwọn ènìyàn ń gbé nínú ilé tí a sé pa, wọ́n ń sẹ́ òógùn àti ìtọ̀ ara wọn kí wọ́n lè tún un mu. Ọmọbìnrin kan, Asha, rí iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ tí kò ní oró átọ́míìkì nínú, ó gbin irúgbìn sí i, ó sì yọ́ jáde láti wá ilẹ̀ fún un. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, C.J. Obasi ṣe Ojuju ní ọdún 2014 pẹ̀lú owó tí kò tó nǹkan. Kò sí bọ́ǹbù nínú rẹ̀. Omi àdúgbò àwọn tálákà ni ó di májèlé, àwọn tí ó mu ún sì di abàmì tí ń pa ara ilé. Ẹni tí omi kànga rẹ̀ pọ́n bí tíì, tí ó ń dúró de mẹ́ruwà ní òwúrọ̀ kí ó tó lè bọ́jú, kò nílò kí a túmọ̀ rẹ̀ fún òun.

Mo sọ fún ìgbìmọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ ìparun ayé bá jẹ́ ti èṣù, a ó ní láti fi ìtàn Nóà pamọ́ fún àwọn ọmọ kékeré, ìtàn tí a ya àwòrán àgùnfọn rẹ̀ sí ara ògiri gbọ̀ngàn náà gan-an. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fún àwọn ọ̀dọ́ ní ọjọ́ Sátidé mẹ́ta. Pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ ni ọ̀rọ̀ ti le. Akọni wọn, ọmọkùnrin kan tí ó gbé ìbọn, ni ó ń ṣọ́ kànga ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí ó kù ní Ajégúnlẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ni ó ń ka àwọn ọmọ. Wọ́n wo ara wọn. Mo sọ ti ìyá ẹlẹ́ja fún wọn, mo sì sọ ti Òkè-Afà, èyí tí púpọ̀ nínú wọn kò tíì dáyé nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Bàbá, bí kò bá sí ìbọn, ẹnikẹ́ni kò ní wò ó kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.” Òótọ́ wà nínú rẹ̀, èmi náà wo ti Corman dé òpin.

Ìbọn wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹnu ọ̀nà ojúlé kan kún un, àti àpótí, àti obìnrin arúgbó kan tí ń kà láti orí ení. Aya mi ni wọ́n bẹ̀ pé kí ó ṣe é. Ó ti gbà, ó sì ti kìlọ̀ fún wọn pé ẹja gidi ni òun yóò pàtẹ, kì í ṣe ti páálí, àti pé àwọn ni yóò rà á.