Yàrá Tí Ó Ní Fèrèsé

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, lẹ́yìn ìsìn Bonfim, nígbà tí àwọn eégún Bourian ti jó káàkiri ìgboro Àjàṣẹ́ tán, tí a sì jókòó sí àgbàlá láti jẹun, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ dé Bahia kí òun tó kú, orí omi ni òun yóò sì gbà lọ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun kò bá wa rẹ́rìn-ín.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó ta aṣọ ní ọjà fún ohun tí ó ju ogójì ọdún lọ. Orúnkún rẹ̀ kan kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ó sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ìtàn tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà bí òun ti mọ̀ ọ́n. Ìhà Kétu ni wọ́n ti mú baba tí ó bí baba bàbá wa. Wọ́n kó o kọjá òkun, ó ṣe ẹrú ní Bahia, ó ra ara rẹ̀ padà, ó sì padà wá sí etíkun yìí pẹ̀lú orúkọ Potogí tí a ń jẹ́ títí di òní. Bí ọ̀pọ̀ ìdílé Àgùdà ti padà wá nìyẹn, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí dì ní Bahia ní 1835, tí ìjọba ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ọmọ Áfíríkà tí ó ti gba òmìnira. Láti ìgbà náà, kò sí ẹnì kan nínú ìdílé wa tí ó padà lọ wo ibẹ̀.

Kí n má purọ́, inú mi kò dùn sí ọ̀rọ̀ orí omi náà. Bàálù wà. Ohun tí àwọn Faransé ń pè ní croisière, inú àwòrán ni mo ti mọ̀ ọ́n: adágún ìwẹ̀ ní òkè ọkọ̀, orin ijó títí di òru, oúnjẹ tí kì í tán lórí tábìlì. Wọ́n ní bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ ń kọjá ìlà agbedeméjì ayé, wọn a máa da omi sí èrò lórí, wọn a máa fi ṣe eré. Mo bi í léèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀nà tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kó àwọn baba wa gbà, ṣé ibẹ̀ náà ni ẹ fẹ́ kí a ti lọ máa jó?”

Ó ní, “Ta ni ó sọ fún ọ pé mo fẹ́ jó? Ọ̀nà náà ni mo fẹ́ rí.”

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ń gbé ní Marseille ni ó bá wa wá ọkọ̀. Ìrìn àjò ọjọ́ méje ni ó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́: Marseille, Genoa, Naples, Palermo, Barcelona, kí ọkọ̀ sì tún padà sí Marseille. Ó pè mí, ó ní, “Tonton, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bá Màmá sọ̀rọ̀. Kò sí èbúté kan níbẹ̀ tí ilé ìwòsàn jìnnà sí, físà kan ṣoṣo ni ẹ ó sì gbà.” Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò tíì mọ bí ara òun yóò ti rí lórí òkun, irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ni èmi yóò gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo àwòrán Naples, ó ní ìlú náà dára, ó wá bi mí bóyá Bahia ni ó wà lẹ́yìn òkè tí ń rú èéfín yẹn.

Kò sí ọkọ̀ èrò tí ń ti Kútọnu lọ sí Brazil. Ẹrù ni èbúté wa wà fún. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò mọ̀ títí di ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé. Ìgbà òtútù àwọn ará Yúróòpù ni ìgbà ooru àwọn ará Brazil. Nítorí náà, bí ó bá ti di oṣù kọkànlá, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ a máa kó díẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn kúrò ní òkun Mẹditaréníà lọ sí etíkun Brazil, wọn a sì dá wọn padà ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ lọ, ì báà kún, ì báà ṣófo. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ta àyè inú rẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Yóò ti Genoa tàbí Marseille gba Barcelona, yóò yà ní erékùṣù Tenerife, lẹ́yìn èyí ojú kò ní rí ilẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, títí yóò fi kan Recife tàbí Maceió. Lẹ́yìn náà ni Salvador, olú-ìlú Bahia, kí ọkọ̀ tó lọ parí ìrìn rẹ̀ ní Rio tàbí Santos. Ẹ wò ó ná: kí ará Àjàṣẹ́ tó lè gba orí omi dé Bahia, ó ní láti kọ́kọ́ fò lọ sí àríwá dé Marseille, kí ó tó tún máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀ níwájú ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí mo fi gègé yà á sórí máàpù, èmi nìkan rẹ́rìn-ín nínú yàrá mi.

Ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo ètò náà jẹ́ ni ọ̀rọ̀ wákàtí. Nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, ọkọ̀ yóò gúnlẹ̀ ní Salvador ní aago mẹ́jọ àárọ̀, yóò sì ṣí ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò sọ pé wákàtí mẹ́sàn-án nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn á tò kí ó tó sọ̀kalẹ̀, á sì ti padà sínú ọkọ̀ tipẹ́ kí ó tó ṣí. Ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tí ó dá lọ. Àwọn tí wọ́n bá ètò ìgbafẹ́ tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tà jáde ni ó ń dúró dè. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Èbúté wà ní ìlú ìsàlẹ̀. A ó wọ Elevador Lacerda, ẹ̀rọ agbéniròkè tí ó ti wà láti 1873, dé ìlú òkè. A ó fẹsẹ̀ rìn dé Pelourinho, pẹ̀lú orúnkún ẹ̀gbọ́n mi. A ó wo Casa do Benin, tí wọ́n ṣí ní 1988, níbi tí àwọn ohun ọnà tí Pierre Verger kó jọ láti ilẹ̀ wa wà, Verger tí ó gba orúkọ Fátúmbí ní Kétu. A ó ra àkàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin aláṣọ funfun, èyí tí wọ́n ń pè ní acarajé. Ilẹ̀ ti ṣú nìyẹn. Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, tí Mãe Aninha dá sílẹ̀ ní 1910, kò sí nítòsí èbúté. Àwọn ilé òrìṣà tí wọ́n sì ń pe ara wọn ní ọmọ Kétu títí di òní kì í ṣe ibi tí a ń já wọ̀ lójijì, tí a sì ń wo aago lójú oníle. Ẹ̀yin ará Kétu tí ẹ ń kà mí mọ ohun tí mo ń wí. Ẹ̀gbọ́n mi kò lọ wòran. Ó fẹ́ kí wọn, kí wọ́n sì fún un ní àga. Ọjọ́ mẹ́rìnlá lórí omi nítorí wákàtí mẹ́fà lórí ilẹ̀!

Ọmọ wa ni ó rí ojútùú. Àwọn ọkọ̀ kan gbà kí èrò parí ìrìn rẹ̀ ní Salvador. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń ra àyè ni kí a ti sọ ọ́, nítorí orúkọ olúkúlùkù wà nínú ìwé tí ọkọ̀ ń fún àwọn aṣọ́bodè. Ẹni tí ó sanwó dé Santos kò lè ṣàdédé gbé àpótí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ní Bahia. Níbẹ̀ ni a ó sọ̀kalẹ̀, a ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án, a ó sì fò padà.

Kí ọmọ yìí tó dá sí ọ̀rọ̀ náà, mo ti lọ bá àwọn kan tí ń ta ìrìn àjò, n kò ní dárúkọ wọn. Iye tí wọ́n pè dùn mọ́ mi nínú. Nígbà tí mo mú ìwé wọn délé ni mo rí i pé iye ẹnì kan ṣoṣo ni, bí ènìyàn méjì bá pín yàrá; pé owó èbúté kò sí nínú rẹ̀; pé owó àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀, 11 yúrò ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sí nínú rẹ̀. Fún ènìyàn méjì ní alẹ́ mẹ́rìnlá, 308 yúrò nìyẹn. Èyí tí ó burú jù ni pé wọ́n ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù físà wa pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ó wọ Yúróòpù. Ọkọ̀ tí ó bá ṣí ní Tenerife kọjá lọ sí Brazil ti jáde kúrò ní agbègbè Schengen, físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan sì ti parí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ padà gba Marseille kí ìrìbọmi ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè ṣojú rẹ̀. Mo gba fọ́ọ̀mù náà, mo fi ọwọ́ ara mi kọ òmíràn. Mo ra ìwé adójútòfò tí yóò bo orí òkun àti Brazil pẹ̀lú, nítorí èyí tí wọ́n ń béèrè fún físà kò kọjá Yúróòpù, dókítà inú ọkọ̀ kì í sì í ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí ó wá kan yàrá, mo yan èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, 790 yúrò fún ẹnì kan. Mo rò pé mo gbọ́n. Àárín ọkọ̀ ni ó wà, nísàlẹ̀, níbi tí ìgbì kì í ti í mi ènìyàn púpọ̀, kò sì jìnnà sí ẹ̀rọ agbéniròkè. Mo fi àwòrán rẹ̀ han ẹ̀gbọ́n mi. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn.

“Fèrèsé dà?”

“Kò ní fèrèsé, Ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n iná wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru, a kàn ń lọ sùn níbẹ̀ ni.”

Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ó ti gbà. Ó wá sọ pé, “Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n kó baba wa sí, kò rí ojú ọ̀run. Èmi tí mo ní owó lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kò dè, kí n tún lọ sùn sínú yàrá tí kò ní fèrèsé, nínú ọkọ̀ tí ń lọ sí Bahia?”

N kò rí èsì fọ̀. Èmi tí mo fi ìtàn náà kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Yàrá tí ó ní fèrèsé jẹ́ 960 yúrò. Ohun tí ó fi lé fún àwa méjèèjì jẹ́ 340 yúrò, nǹkan bí 223 000 F. Owó ìfẹ̀yìntì mi kò gbé e. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó mú owó tí ó dì sínú aṣọ jáde. Mo mọ aṣọ náà. Owó òkú rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ bá gbé Àjàṣẹ́ mọ ohun tí irú owó bẹ́ẹ̀ jẹ́: aṣọ ẹbí, màlúù, àwọn afunfèrè, oúnjẹ àlejò ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ gbọ́, ó ti Kútọnu wá ní ọjọ́ kan náà. Ó ní, “Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí ojú tì wá ní ọjọ́ ìkẹyìn yín ni?” Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn pé, “Ẹ dín màlúù kan kù.” Ọkùnrin náà kò jẹun kí ó tó lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì kọjá kí ó tó tún pè. N kò dá a lẹ́bi tán. Ìlú wa kì í tètè gbàgbé ìsìnkú tí kò kún. Ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ béèrè fèrèsé.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọmọ wa tún pè láti Marseille, ó ní kí a yan nọ́ńbà yàrá. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bi í pé apá wo nínú ọkọ̀ ni yóò kọjú sí ilé. Kò sí ìdí láti bi ọmọ. Mo ṣí máàpù. Ọkọ̀ tí ó bá ti Tenerife kọrí sí Brazil, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni Áfíríkà wà. Ní ọwọ́ òsì, ní iye yẹn, yàrá kan ṣoṣo ni ó kù. Iwájú ọkọ̀ ni ó wà, níbi tí ìgbì ti ń gbé ọkọ̀ sókè sódò, ó sì jìnnà sí ẹ̀rọ agbéniròkè. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo tún sọ fún un pé ilẹ̀ jìnnà sí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà, pé omi nìkan ni yóò máa rí láti ojú fèrèsé náà.

Ó ní òun mọ̀. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó gba yàrá náà.