Nígbà Tí Ilé Ẹjọ́ Bá Pe Nọ́ọ̀sì

Àwọn nọ́ọ̀sì, dókítà àti òṣìṣẹ́ ìlera pọ̀ nínú ìjọ wa, ògo ni fún Ọlọ́run. Àwọn ni ọ̀rọ̀ mi kàn lóṣù yìí, ṣùgbọ́n kí ẹbí wọn náà tẹ́tí sí i.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, arábìnrin kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì mú ìwé ìpè ilé ẹjọ́ wá sọ́dọ̀ mi. Òun ni ó gba ọmọdé kan tí wọ́n gbé wá sílé ìwòsàn lóru. Ẹni tó gbé e wá ní ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ìjọba ní ńṣe ni wọ́n lù ú. Arábìnrin náà ní, "Pásítọ̀, ẹ bá mi gbàdúrà kí wọ́n wọ́gi lé ẹjọ́ yìí." Àwọn ẹbí olùjẹ́jọ́ ti wá bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe àgbà ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò pa á fún ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ bó?

Mo gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀, àdúrà ìgboyà ni mo gbà. Mo sì ní kí ó lọ ka fáìlì.

Àwọn kan nínú wa yóò tọ́ka sí Matteu 10:19, pé kò yẹ kí onígbàgbọ́ múra ohun tí yóò sọ níwájú adájọ́. Àwọn tí a ó ṣe inúnibíni sí nítorí orúkọ Jésù ni ó ń bá wí níbẹ̀, kì í ṣe nọ́ọ̀sì tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Luku, tí Kolosse 4:14 pè ní oníṣègùn, jẹ́ kí a mọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ Ìhìnrere rẹ̀ pé òun wádìí fínnífínní kí òun tó kọ ọ́.

Agbẹjọ́rò ìjọba jókòó tì í. Kò kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ, ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Bí nǹkan ṣe ń lọ ni ó kọ́ ọ. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba ẹlẹ́rìí láàyè láti wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ lákòókò ìṣẹ̀lẹ̀, kí ó lè rántí dáadáa. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ òru ọjọ́ yẹn ti wúlò. Arábìnrin wa kò kọ pé wọ́n lu ọmọ náà, nítorí kò sí níbẹ̀. Àpá méje ni ó kọ, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó, èyí tó ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ àti èyí tó ti ń san, ohun tí ẹni tó gbé e wá sọ, àti aago. Ó sì fọwọ́ sí i. Ibi tí ó ti ṣi nǹkan kọ, ìlà kan ṣoṣo ni ó fà lé e, ó ṣì ṣeé kà. Ẹni tó bá fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́, agbẹjọ́rò kejì ti rí ohun tí yóò fi mú un nìyẹn.

Wọ́n ní kí ó máa wo bírò adájọ́ bí ó ti ń sọ̀rọ̀, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ wa, ọwọ́ ni adájọ́ ṣì fi ń kọ ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gba ìbúra, òfin fàyè gbà á láti jẹ́jẹ̀ẹ́ láìbúra. (Mo mọ arákùnrin kan tó ní òun kò lè pe ènìyàn ní "Olúwa mi" ní kóòtù. Oyè ilé ẹjọ́ ni, ẹ jọ̀wọ́.) Ní ti àṣírí aláìsàn, Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 dáàbò bò ó. Àṣẹ ilé ẹjọ́ lè ṣí i. Ìpàdé àdúrà kò lè ṣí i.

Lọ́jọ́ náà, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ bi í bóyá ó ṣojú rẹ̀ nígbà tí wọ́n lu ọmọ náà. Ó ní, "Rárá, sà." Ṣé kò lè jẹ́ pé ó ṣubú lóòótọ́? Ó ní dókítà ni kí wọ́n bi ní ìyẹn. Àpá tí òun kà ni òun mọ̀. Ọkùnrin náà tún bi í lẹ́ẹ̀mejì sí i, ìdáhùn kan náà ni. Adájọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí ó máa lọ.