Iyọ̀ Afùwàpẹ́ àti Iṣẹ́ Bàálù Àdáni

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ ìtàn Afùwàpẹ́ nínú odù Ogbègúndá, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti yan orí rere nílé Àjàlá ni a sáábà máa ń sáré dé. Ohun tí ó ṣe lójú ọ̀nà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lónìí, nítorí òun ni mo fi ń múra sílẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí n óò ṣe ní Ọjọ́bọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, tí ń fi bàálù àdáni gbé ènìyàn, ni ó ń wá ẹni tí yóò máa bá àwọn oníbàárà dúnàádúrà.

Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé. Méjì kò yà síbì kan, wọ́n fúnra wọn yan orí, orí náà kò sì gbe wọ́n. Afùwàpẹ́ yà lọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà, bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá, wọ́n rúbọ, wọ́n sì fún un ní iyọ̀ àti owó díẹ̀ nínú ẹbọ náà. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ oníbodè, ó bá a tí ń da eérú sínú ọbẹ̀. Ó bi í léèrè ìdí rẹ̀. Oníbodè ní ohun tí àwọn ń jẹ níbẹ̀ nìyẹn. Ìgbà náà ni Afùwàpẹ́ tó mú iyọ̀ jáde.

Ẹ kíyè sí i pé kò polówó iyọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó kọ́kọ́ wo inú ìkòkò.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Tíkẹ́ẹ̀tì ní iye tirẹ̀. Bàálù àdáni kò rí bẹ́ẹ̀. Bí oníbàárà bá pè pé, “Eélòó ni Àbújá?”, ìbéèrè ni èsì tí ó yẹ. Èrò mélòó? Ẹrù ńkọ́? Ṣé bàálù yóò dúró dè yín ni, àbí yóò padà lófìfo? Bí ó bá padà lófìfo, ẹnìkan ni yóò sanwó epo. Bí ó bá dúró, owó ibùdókọ̀ ń gorí, awakọ̀ yóò sì sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì. Àwọn pápákọ̀ òfurufú mìíràn máa ń tì bí oòrùn bá wọ̀, nítorí náà ẹni tí ó ń lọ síbi òkú àgbà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí ìlù tó dùn. Hawker 800XP tí ń gbé èèyàn mẹ́jọ tó Àbújá lọ. Gulfstream G550, tí ó lè fò ju 12,000 kìlómítà lọ láìdúró, wà fún ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí ó ta ìyẹn fún arìnrìn-àjò Àbújá, eérú ló ń dà sọ́bẹ̀.

Ìbéèrè kan tí wọ́n bi mí lórí fóònù ló wúwo jù. Bí oníbàárà bá gbé owó ńlá kalẹ̀, tí kò sí bàálù mìíràn àfi ti ọ̀rẹ́ ọ̀gá, èyí tí ìwé àṣẹ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ NCAA kò fún un láyè láti gbé èrò gbowó, kí ni n óò ṣe? Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dáhùn lójúkojú. Olúwo mi gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, owó ta ni Afùwàpẹ́ fi san gbèsè Àjàlá? Ṣé ó jí i ni?”

Èsì mi nìyí: n kò ní tà á. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, adójútòfò lè kọ̀ láti sanwó fún irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀. N óò wá ilé-iṣẹ́ mìíràn tí àṣẹ rẹ̀ pé, kí a pín èrè. Ó ṣeé ṣe kí èsì yìí gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, mo sì nílò iṣẹ́ náà gidigidi. Owó ilé-ìwé ọmọ méjì wà nílẹ̀.

Alẹ́ Ọjọ́rú ni n óò bọ orí mi, obì àti omi tútù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n bọ́ ìdè ọwọ́ òsì mi kí n tó wọlé tọ̀ wọ́n. Aṣọ tí mo rán lápá gígùn. Ìdè náà yóò wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá yọ síta, kí ó yọ.