Àríyànjiyàn Ní Ìdí Òkè Ìdáàṣà

Ọ̀nà tó ti Kútọnu lọ sí àríwá ilẹ̀ Benin tẹ́ pẹrẹsẹ fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. A kọjá Allada, a kọjá Bohicon, kò sí ohun tó ga ju ọ̀pẹ àti òpó iná lọ. Lẹ́yìn Bohicon ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Òkúta ń yọrí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàrin oko àgbàdo, kékeré lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó ń tóbi sí i. Nígbà tí a fi máa dé Paouignan, níbi tí àwọn ìyá ti ń ta gàrí lẹ́bàá títì, òkè ti yọ níwájú wa. Láti ibẹ̀, òkè kò fi wá sílẹ̀ mọ́ títí a fi wọ Dassa-Zoumè, ìlú àwọn ọmọ Ìdáàṣà, tó fi nǹkan bí 200 kìlómítà jìnnà sí Kútọnu.

Ìlú òkè 41 ni àwọn ará Benin ń pe Dassa. Kì í ṣe pé ẹnì kan gun gbogbo wọn tó sì kà wọ́n tán. Ní ilẹ̀ yìí, 41 jẹ́ iye tí a fi ń bu ọlá fún ohun tó pọ̀. Òkúta líle ni àwọn òkè náà. Ibi tí omi òjò ń gbà ṣàn sọ̀kalẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ibi tó kù rí bí eérú. Òkè wọ̀nyí ní orúkọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní ohun tí a ń bọ níbẹ̀, nítorí náà àlejò kì í ṣàdédé gùn wọ́n. Ó ní láti kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ onílé.

Ìtàn ìdílé ọba, àwọn Ọmọ Jagun, sọ pé Jagun Ọlọ́fin, baba ńlá wọn, ti ìhà Ẹ̀gbá wá. Òkè ló mú ìlú náà dúró. Ní ayé ogun, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń ti Abomey wá kó ènìyàn lẹ́rú, orí òkè ni àwọn Ìdáàṣà ń sá sí. Lẹ́yìn tí Béhanzin, ọba Dàhòmì, jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún àwọn Faransé ní 1894, ìbẹ̀rù ogun rọlẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, níbi tí omi, oko àti ọ̀nà ọjà wà. Àwọn àgbà tí a bá sọ̀rọ̀ ṣì ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò: kí ni a jèrè nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, kí sì ni a fi sílẹ̀ lókè? Nítorí náà, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ìlú yìí mọ̀ ọ́n jiyàn lórí lílọ àti dídúró.

Ní oríta Dassa ni títì pín sí méjì. Ọ̀kan lọ sí Savalou, Djougou àti Natitingou. Èkejì gba Glazoué lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ àti Parakou. Ọkọ̀ kì í tán níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Odó ń dún nínú àwọn ilé oúnjẹ, iyán gbígbóná àti wàràgàsì díndín ń dúró de awakọ̀, àwọn ọmọdé sì ń sáré tọ ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀pà àti ọsàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún, ogunlọ́gọ̀ àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì a máa wá láti gbogbo ilẹ̀ Benin sí ihò òkúta Arigbo láti bọlá fún Màríà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ, ìlú a tún padà sọ́wọ́ àwọn onílé àti àwọn tó ń kọjá lọ.

Kò jìnnà sí oríta náà, ní ìdí ọ̀kan nínú àwọn òkè, pápá kan wà tí wọ́n fi símẹ́ǹtì tẹ́. Òpó méjì ló wà níbẹ̀. Àwọ̀n ọ̀kan ti já, èkejì kò ní àwọ̀n rárá. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni wọ́n ń gbá níbẹ̀, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Ní ìrọ̀lẹ́ tí a débẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wà lórí pápá, àwọn tó ti dàgbà jù wọ́n lọ sì jókòó sórí òkúta kan tó tẹ́ bí ẹní. A kí wọn, wọ́n fún wa láyè. Kò pẹ́ tí a fi mọ ohun tí wọ́n ń pariwo lé lórí: ṣé ó bọ́gbọ́n mu bí ẹgbẹ́ Houston Rockets ṣe fi Hakeem Ọlájuwọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ ní 2001?

Wọn kò tíì bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jiyàn náà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni Ọlájuwọ́n, wọ́n sì mọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni mọ oríkì ilé baba rẹ̀. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1963. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù ló kọ́kọ́ ń gbá. Ó ti ń di géńdé kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. Ní 1980 ó wọ yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà. Ní 1984, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, òun ni Houston Rockets mú ṣáájú gbogbo ènìyàn. Ẹnì kẹta ni Michael Jordan lọ́jọ́ náà. Ọdún 17 ló fi gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Ó gba ife ẹ̀yẹ fún wọn ní 1994 àti 1995. Ìgbà 3,830 ló gbá bọ́ọ̀lù alátakò dànù kó tó dé inú àwọ̀n láàrin gbogbo sáà rẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tó kọjá iye yẹn nínú ìdíje náà.

Télọ̀ kan, ẹni tó tún jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn ọ̀dọ́ náà, ló kọ́kọ́ dá ẹjọ́. Ó ní, “Ẹni tó bá yín ru bíríkì, tó bá yín mọ ilé fún ọdún 17, ṣé ìta ló yẹ kó sùn nígbà tí alẹ́ bá lẹ́?”

Ọlọ́kọ̀ zémijàn kan dá a lóhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹni ọdún 38 ni nígbà náà. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ọkọ̀ tó bá ti ń gbó, ìgbà tí ẹnì kan ṣì fẹ́ rà á là ń tà á.”

Télọ̀ náà ní, “Ènìyàn kì í ṣe alùpùpù.”

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ náà kò jáwọ́. Ó to ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ní oṣù karùn-ún 2001, Philadelphia fi ẹyọ àmì kan ṣoṣo lé Toronto Raptors jáde nínú ìdíje. Toronto gbà pé bí àwọn bá rí òmìrán kan fi sí ìdí àwọ̀n, àwọn yóò débi tí àwọn ń lọ. Wọ́n fún Houston ní ẹ̀tọ́ láti mú agbábọ́ọ̀lù tuntun méjì ní ipò tiwọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì gba Ọlájuwọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan tó jẹ́ pàtàkì jù nínú ẹ̀tọ́ náà ni Houston fi mú Boštjan Nachbar, ọmọ ilẹ̀ Slovenia, kò sì di ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n láìsí Ọlájuwọ́n, eré 28 péré ni Houston jàre nínú 82 ní sáà náà. Ìfàsẹ́yìn yẹn ló jẹ́ kí àyè àkọ́kọ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 2002, tí wọ́n fi mú Yao Ming, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà. Ó ní, “Ẹ ò rí i? Òkúta kan kúrò, òkúta mìíràn dé.”

Télọ̀ náà kò gbà. Ó béèrè ohun tí Ọlájuwọ́n fúnra rẹ̀ rí gbà. Eré 61 ló gbá ní Toronto, ìpíndọ́gba àmì rẹ̀ nínú eré kọ̀ọ̀kan jẹ́ 7.1, Detroit sì lé wọn jáde ní ìpele àkọ́kọ́. Kó tó di sáà tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba eré mọ́, ó sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tó ti ń dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, wá sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn panu mọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹrù ni wọ́n gbé. Ní 1992, nígbà tí òun àti àwọn aláṣẹ Houston ń jà, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ. Wọn kò jẹ́ kó lọ, ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ife ẹ̀yẹ dé. Ní 2001, Houston fi owó lọ̀ ọ́ kó dúró, òun ló kọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀kan ó fẹ́ lọ, wọ́n ní kó dúró. Lẹ́ẹ̀kejì wọ́n ní kó dúró, ó lọ. Ẹ kò lè dá ẹjọ́ ọ̀kan láìmẹ́nu kan èkejì.”

Ìgbà yẹn ni a ṣàkíyèsí pé ojú ọ̀pọ̀ wọn kò kúrò lára ọmọkùnrin kan lórí pápá. Ọmọ ọdún 16 ni, ó ga ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fíìfíì, ọwọ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin àwọ̀n láìfò. Ẹgbẹ́ kan ní Kútọnu ti ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ mú un. Yóò máa gbé lọ́dọ̀ wọn, yóò sì máa lọ sí ilé ìwé níbẹ̀. Wọ́n ṣèlérí bọ́ọ̀lù mẹ́wàá àti àwọ̀n tuntun méjì fún pápá Dassa. Ọ̀rọ̀ Houston tí a ti ń gbọ́ láti ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ló wà nínú rẹ̀.

Ọlọ́kọ̀ zémijàn náà fẹ́ kó lọ. Ó nawọ́ sí títì, ó ní Natitingou tí ọ̀nà òsì yẹn ń lọ ni wọ́n ti bí Mouphtaou Yarou, ẹni tó gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún yunifásítì Villanova ní Amẹ́ríkà. Bó bá jókòó sílé, ta ni ìbá mọ̀ ọ́n? Télọ̀ náà ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà dàgbà díẹ̀ sí i. Ó jẹ́wọ́ pé bí ó bá lọ, ẹgbẹ́ òun kò ní lè borí Savalou mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dá sí i, ó ní kí wọ́n rántí Toronto kan náà. Ní 2018, Masai Ujiri, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Zaria, tó sì jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà, fi DeMar DeRozan ṣe pàṣípààrọ̀ Kawhi Leonard. DeRozan ti lo sáà mẹ́sàn-án níbẹ̀, ó fẹ́ dúró, kò sì fi ìbànújẹ́ rẹ̀ pamọ́. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà bínú. Ní oṣù kẹfà 2019, Toronto gba ife ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ wọn; kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, Leonard ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Ẹni tó ní ó dára kò purọ́,” ni akẹ́kọ̀ọ́ náà wí, “ẹni tó ní ó dun òun náà kò purọ́.”

Ní tiwa, a gbà pé Houston kò ṣẹ̀ ní 2001. Èrè orí pápá kéré fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Lóòótọ́, ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Síbẹ̀ Houston kò dúró dìgbà náà. Ní oṣù kọkànlá 2002, ọdún kan péré lẹ́yìn tó lọ, wọ́n gbé aṣọ rẹ̀, 34, kọ́ sókè nínú gbọ̀ngàn wọn, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ nọ́ńbà náà mọ́. Pàṣípààrọ̀ tó bá já ọ̀nà àbọ̀wálé mọ́ ènìyàn lẹ́yìn ni àwa ń bẹ̀rù, kódà bó bá mú ife wálé.

Ìyá ọmọ náà, tó ń ta iyán ní oríta, ti mọ èyí kí àwa tó wí i. Ó dé pápá nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, aṣọ ìdáná ṣì wà ní ìdí rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ nípa Houston. Ó bi télọ̀ náà ní ohun kan pé, “Bó bá fi ẹsẹ̀ ṣẹ́ níbẹ̀, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀?” Kò sí ẹni tó rí èsì fún un. Ó wá ka ohun tó fẹ́: kí ọmọ náà parí ọdún ìwé yìí ní Dassa, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹgbẹ́ náà ni yóò san owó ìwòsàn bó bá fara pa, kó máa wálé ní gbogbo ìsinmi. Ní ti bọ́ọ̀lù mẹ́wàá, ó ní òun kò gbà á lówó ọmọ òun. Bí wọ́n bá fẹ́ ta pápá lọ́rẹ, kí wọ́n ta á lọ́rẹ. Bàbá tíṣà náà bọ́ pẹ́ẹ̀nì lápò, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Faransé, kí àwọn ará Kútọnu má baà sọ pé kò yé wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ rí Dassa dáadáa, kó lọ lẹ́yìn òjò, nígbà tí ọ̀yẹ́ kò tíì bo ojú òkè. Kó jẹ iyán ní oríta. Kó wá ẹni tó máa mú un gun òkè, kó sì bọ̀wọ̀ fún ibi tí wọ́n bá ní kó má tẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, kó béèrè pápá básíkẹ́ẹ̀tì, kó jókòó sórí òkúta pẹ̀lú àwọn àgbà. Bó bá ní bọ́ọ̀lù kan tàbí àwọ̀n kan tó lè fi tọrẹ, kó mú un dání, kó má sì béèrè ọmọ ẹnikẹ́ni dípò rẹ̀.