Ohun Tí A Kọ Sára Gééjì

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọjá lọ́wọ́ olùkọ́ náà ní Ṣakí tí kò mọ gbólóhùn rẹ̀: “Ẹ ka ìbéèrè kí ẹ tó dáhùn.” Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdánwò dé bá òun fúnra rẹ̀, kò kà á.

Ọkọ̀ rẹ̀ ni ìdánwò náà, Toyota Camry ọdún 2003, tòkunbọ̀ onígíà ọ́tò tí àwọn ènìyàn ń pè ní Big Daddy. Láàárín ìlú, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọjú sí ọ̀nà Agọ́-Àrẹ, tí eré rẹ̀ sì dọ́gba, ọkọ̀ náà yóò máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní gíà ti kú, kí ó lọ ra òmíràn. Owó kan ṣoṣo tí ó wà nílẹ̀ ni èyí tí ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó tún dá a padà sínú àpótí. Lọ́jọ́ kejì, ó rọra wa ọkọ̀ náà dé Ìsẹ́yìn, lọ́dọ̀ àgbà mẹkáníìkì kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ti àwọn ahunṣọ òfì.

Bàbá náà kò gbé irin-iṣẹ́ kankan. Ó jókòó ti olùkọ́, wọ́n jáde sójú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ní: “Tíṣà, ẹ má yọ iná. Ẹ fi ẹsẹ̀ òsì kan bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́.” Gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀.

“Ká ní púlọ́ọ̀gì ni, kò ní dáwọ́ dúró bẹ́ẹ̀.” Ó ṣàlàyé pé ìlù irin kan tí ó kún fún ọ́ìlì wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà. Kílọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ a máa dì mú nígbà tí eré bá dọ́gba. Bíréèkì a sì máa tú u. Bí ọ́ìlì bá ti gbó, tàbí tí kì í ṣe irú tirẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì á dì mú, á yọ̀, á tún dì mú, bí ọwọ́ tí ó di ẹja mú nínú omi.

Ó fa gééjì ọ́ìlì gíà yọ, ó nù ún mọ́ àkísà funfun. Ọ́ìlì náà ti dúdú. “Tíṣà, ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ síbí, ojú mi kò ríran dáadáa mọ́.”

Olùkọ́ kà á: *Type T-IV*.

“Èwo ni ẹ ń rà?”

“Bàbá, èyí tí ó bá ṣáà ti pupa ni.”

“Pupa ni ọ̀pọ̀ wọn, Tíṣà.”

Bàbá kò ṣe ìlérí. Ó ní bí kílọ́ọ̀ṣì bá ti jẹ tán, ọ́ìlì kò lè wò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, nǹkan bíi lítà mẹ́ta àti ààbọ̀ jáde, ó sì da iye kan náà padà, irú èyí tí gééjì wí. Nítorí pé púpọ̀ ṣì kù nínú ìlù irin, ó ní kí olùkọ́ padà wá lẹ́ẹ̀mejì sí i. Nígbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọn ọ́ìlì náà nígbà tí gíà ti gbóná, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí ọ̀pá gíà wà ní P.

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkọ̀ náà dé Ṣakí láì gbọ̀n. Owó inú àpótí dé ibi tí wọ́n fi pamọ́ fún.

Ní ọjọ́ Ajé, kí olùkọ́ tó pín ìwé ìdánwò, ó sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ohun tí a kọ sára gééjì, àti pé ọdún mẹ́rin ni òun fi wa ọkọ̀ náà láì kà á.