Èdè Àlejò ní Buffalo

Ní ọdún 2019, èmi àti ọmọ ọmọ mi obìnrin gbéra láti Toronto, a gba orí afárá Peace Bridge wọ Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ràn jù, Maple Leafs, ń lọ gbá họ́kì orí yìnyín nílé onílé, ní Buffalo. Ìṣẹ́jú 20 lọ́nà mẹ́ta ni eré náà. Ojú mi kò lè bá àwo rọ́bà dúdú kékeré náà sáré.

Ọmọ yìí gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń dá mi lóhùn láti kékeré. Ó máa ń dun èmi tí mo fi ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè jẹun. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ Buffalo yí wa ká lọ́tùn-ún lósì. Lójijì, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí: ‘Bàbá àgbà, ó ti rẹ̀ wọ́n. A máa nà wọ́n.’ Mo béèrè ìdí tí ó fi sọ Yorùbá. Ó ní kí àwọn onílé má baà gbọ́ ni.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni pé ohun tí a bá ń fi èdè ṣe ni í mú un wà láàyè. Èmi fúnra mi kò fún ọmọ yìí ní ohun tí yóò fi Yorùbá ṣe. Buffalo ni ó ti rí i.