Ẹsẹ̀ Ọmọ Mi, Láti Onígbòǹgbò dé Ìgbóbì

Ibà ọmọbìnrin mi rọlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bèèrè àkàrà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láti wá gbà á. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò gbé. Ìka rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, àfi kó gbé orúnkún sókè fíofío kó tó lè ṣísẹ̀. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́rin.

Ní Onígbòǹgbò, ọ̀rọ̀ ọmọ kì í ṣe ti ilé kan. Kí oòrùn tó mú, gbogbo àgbàlá ti gbọ́. Màmá Ìbejì ní kí n fi òrí pa á, kí n máa fi aṣọ gbígbóná jó o. Bàbá onílé ní òun mọ ẹnì kan tó ń to eegun ní Múṣin. Níbi tí wọ́n ti gún abẹ́rẹ́ náà, wọ́n ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mọ́mì, á lọ fúnra rẹ̀." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ará ilé mi. Ṣùgbọ́n eegun kò ṣẹ́, kí ni wọ́n fẹ́ tò? Ọmọ tó sáré lánàá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ lónìí, dókítà ló yẹ kó rí i lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀rọ̀ "á lọ fúnra rẹ̀" yẹn ni mo ń bá jà títí dòní.

Bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan ní Orẹ́gùn ni. Kò tilẹ̀ jókòó. A gba ọ̀nà Mobolaji Bank Anthony, ó di LASUTH ní Ìkejà, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Jẹ́nẹ́rà, torí pé Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò Ìkejà ni kó tó di ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2001.

Ẹsẹ̀ ni mo gbé wá, ìgbẹ́ ni wọ́n bèèrè lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fẹ́ gbà á, kí wákàtí 24 wà láàárín. Nọ́ọ̀sì àgbà kan jókòó tì mí, ó ṣàlàyé pé ọmọ yòówù tí kò tíì pé ọdún 15, tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣàdédé rọ, dandan ni kí wọ́n wá kòkòrò àrùn rọpárọsẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Inú yìnyín ni wọ́n ń gbé e sí lọ sí yàrá àyẹ̀wò ní Ìbàdàn. Irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí wọ́n fi kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé rọpárọsẹ̀ àbáláyé ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Ó wú mi lórí pé ìgbẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́ alẹ́ kan wọ inú ìṣirò gbogbo ayé.

Ní ti ẹsẹ̀ náà, dókítà fi pẹ́nì fa ilà láti ìdí ọmọ mi lọ sí ẹ̀yìn itan. Ibẹ̀ ni nẹ́ẹ̀fù ńlá tó ń gbé àṣẹ láti ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ẹsẹ̀ gbà. Lókè orúnkún ló ti yà sí méjì, ẹ̀ka kan ló sì ń gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè. Ẹran ìdí ọmọdé kò nípọn: abẹ́rẹ́ lè gún nẹ́ẹ̀fù náà, oògùn inú rẹ̀ sì lè jó o. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gún àjẹsára ọmọ ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú itan. Gbogbo ìgbà tí mo gbé e lọ gba àjẹsára ni mo rí i, kò sẹ́ni tó sọ ohun tó fà á fún mi. Dókítà náà tún sọ pé ibà tí kò tíì le, tí ọmọ ṣì ń jẹun, oògùn tí wọ́n ń gbé mì ti tó o.

Lẹ́tà rẹ̀ ló gbé wa dé ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì. Láti Maryland, mo pọ̀n ọ́n wọ BRT: Anthony, Ọbáníkòró, Palmgrove, Onípàánù, ká tó sọ̀ ní Fádéyí. Àwọn èèyàn ń wò wá, pé ṣé ọmọ tó tóbi tó yìí kò lè rìn ni. Obìnrin kan dìde fún mi láìbi mí ní nǹkan kan.

Àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n dá Ìgbóbì sílẹ̀ fún ní 1945. Lásìkò ogun yẹn náà ni Herbert Seddon, dókítà ará Ìlú Ọba, pín ìpalára nẹ́ẹ̀fù sí ọ̀nà mẹ́ta, ní 1943. Òun ni wọ́n ṣì fi ṣàlàyé fún mi. Ní ti àkọ́kọ́, nẹ́ẹ̀fù kò já, ó kàn dákú ni, ó sì lè jí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ti kejì, inú rẹ̀ já ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ ṣì wà, bíi wáyà iná tí bàbà rẹ̀ já tí rọ́bà rẹ̀ kò ya. Á hù padà nínú awọ náà, nǹkan bí mìlímítà kan lóòjọ́. Ẹ̀kẹta ló já pátápátá, iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè so ó.

Mìlímítà kan! Mo fi téèpù ìránṣọ wọn ọmọ mi láti ìdí dé ìsàlẹ̀ orúnkún, níbi tí iṣan tó ń gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè wà. Ó lé ní sẹ̀ǹtímítà 25: oṣù mẹ́jọ, ó kéré tán. Àmọ́ àánú ọmọdé wà níbẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ kúrú ju ti àgbàlagbà lọ, nẹ́ẹ̀fù lè dé bá iṣan kí iṣan náà tó gbẹ.

Nígbà tó pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí abẹ́rẹ́ ni wọ́n tó fi iná díẹ̀díẹ̀ yẹ nẹ́ẹ̀fù náà wò, torí bó bá yá jù, ẹ̀rọ kò ní sọ òótọ́ tán. Kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Bóyá kejì ni tàbí ẹ̀kẹta, àkókò ló máa sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe àkókò ìjókòó lásán. Láàárọ̀ àti lálẹ́ ni mo ń tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kí iṣan gìgísẹ̀ má bàa sún kì. Ó ń wọ ike tó gbé ẹsẹ̀ ró. Mo ń yẹ àárín ìka rẹ̀ wò lóòrèkóòrè, torí bí òkúta bá gé e, kò ní mọ̀. Ní fisió, lórí bẹ́ǹṣì, mo pàdé àwọn ìyá tí apá ọmọ wọn rọ nígbà ìbí, tí èjìká há. A jọ ń kọ́ ara wa ní orin tí a fi ń tan ọmọ kó lè gbà kí wọ́n na ẹsẹ̀ tàbí apá òun.

Ní báyìí, bí dókítà bá ń fi ìka kan ojú ọ̀nà nẹ́ẹ̀fù náà, ọmọ mi á ní, "Ó ń ta mí níbí." Itan ni ibẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó ti dé ẹ̀yìn orúnkún: ibi tí nẹ́ẹ̀fù náà hù dé ló ń ta á. Bí iṣan náà kò bá jí nígbà tó yẹ, wọ́n lè mú okùn iṣan mìíràn láti ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀, kí wọ́n fi rọ́pò èyí tí kò ṣiṣẹ́. Èmi àti bàbá rẹ̀ ti jíròrò lé e lórí, a sì ti gbà.